Ọ̀nì, àkurákudà, kìnnìún tàbí Godzilla: èwo ni kí ẹ wò lálẹ́ òní?

Nínú gbogbo fíìmù adẹ́rùbani, èyí tí ẹranko ti ń pa ènìyàn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bá mi gbé iwin àti ọmọlangidi tó ń sọ̀rọ̀ lóru sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó ní eyín, tó ní ikùn, tí ebi sì ń pa ni tèmi. Láìpẹ́ yìí ni mo tún jókòó ti mélòó kan nínú wọn, tuntun àti èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa ń bi mí pé èwo ni káwọn fi dátà àwọn wò. Méjì-méjì ni mo fi wọ́n wéra, kí ẹni tó fẹ́ mú ọ̀kan lè mọ ohun tó ń mú.

Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mò ń lò. Bí ẹranko náà ṣe tóbi tó kò kàn mí, bẹ́ẹ̀ ni iye ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: ṣé mo mọ ibi tí ẹranko yìí lè dé, ṣé mo sì mọ ibi tí kò lè dé? Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á ti máa bà mí kí ó tó yọjú, nítorí èmi fúnra mi á ti máa fojú wọn àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹnu rẹ̀. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, tí ẹranko kàn ń yọ láti ibi tó bá wu olùdarí, mo lè ta gìrì, ṣùgbọ́n títa gìrì kì í ṣe ìbẹ̀rù. Steven Spielberg fi èyí han gbogbo ayé nínú Jaws ní 1975. Àkurákudà onírin tí wọ́n kàn fún un ń bà jẹ́ ṣáá nínú omi iyọ̀, kò rí i lò bó ṣe fẹ́, ló bá jẹ́ kí àwọn àgbá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n so mọ́ ẹja náà máa sáré lójú omi. Ibi tí àgbá bá kọjú sí, ibẹ̀ ni ẹja ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti rí eyín.

Nínú omi: Crawl (2019) àti The Shallows (2016)

Mo fi méjì yìí ṣíwájú torí pé wọ́n kúrú. Crawl jẹ́ ìṣẹ́jú 87, The Shallows jẹ́ 86. Kí jẹnẹrétọ̀ tó bèèrè epo míràn, ẹ ti wo ọ̀kan tán.

Alexandre Aja, ará Faransé, ló darí Crawl. Ìjì líle ń bọ̀ ní Florida, wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn kó jáde nílùú. Haley, ọmọbìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún yunifásítì rẹ̀, ń wá bàbá rẹ̀ tí kò gbé fóònù. Abẹ́ pákó ilé ló ti bá a, níbi tí wọ́n ń gba páìpù omi kọjá, tí ènìyàn kò lè nàró àfi kó máa fàyà wọ́. Bàbá ti fara pa. Ọ̀nì ti gba ojú páìpù àgbàrá wọlé.

Ẹ wo bí Aja ṣe to ibẹ̀. Ní igun kan abẹ́ ilé náà, páìpù kọjá ní ìbú àti ní òró. Ènìyàn lè há ara rẹ̀ sẹ́yìn wọn. Ọ̀nì fẹ̀ jù, kò lè gba àárín wọn. A mọ̀ pé ẹ̀yìn páìpù ni ìsádi. A mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà, a mọ ibi tí fóònù jábọ́ sí, a sì ń rí omi tó ń ga. Bó bá yá, ẹ̀yìn páìpù tó gbà wọ́n là ni omi yóò ti mu wọ́n yó bí wọ́n bá dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ewu ti pọ̀ sí i. Ojú ara wa la fi rí i tí omi kúrò ní orúnkún, tó dé ìbàdí, tó dé ọrùn. Gbogbo Florida yìí, Belgrade ní orílẹ̀-èdè Serbia ni wọ́n ti yà á, nínú àgbá omi ńláńlá. Ẹ ò ní fura.

Àléébù rẹ̀ ni pé ara Haley kì í ṣe ara ènìyàn mọ́ nígbà tó bá yá. Ọ̀nì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, ó bù ú jẹ lápá, ó sì tún ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń du àmì ẹ̀yẹ. Ìbánisọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ nípa bí ẹbí ṣe tú ká náà ń bọ́ sí àkókò tí kò yẹ. Ọ̀nì ń bọ̀, ẹ ń yanjú ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀! Ajá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sugar, ẹni tí kò bá lè wo ibi tí ajá ti ń kú, kó fọkàn balẹ̀.

The Shallows gba ọ̀nà míràn. Jaume Collet-Serra darí rẹ̀, Blake Lively nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé èjìká. Nancy, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, lọ fi pákó gun ìgbì ní etíkun kan tó fara sin ní Mẹ́síkò, níbi tí ìyá rẹ̀ tó ti kú lọ rí. Òkú àbùùbùtán léfòó nítòsí. Àkurákudà tó ń jẹ òkú náà bù ú lẹ́sẹ̀, Nancy sì gun àpáta kékeré kan. Etíkun kò jìnnà, ó ń rí iyanrìn. Àmọ́ bí omi òkun bá padà kún, àpáta yóò rì.

Ibi tí mo ti gba fún un ni bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Ó bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ó fi gán ojú ọgbẹ́ pọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bíi dókítà tó ń fọkàn aláìsàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹja náà fi ń yí po láti ọ̀dọ̀ òkú àbùùbùtán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó lè mọ bí àyè tó ní láti lúwẹ̀ẹ́ ṣe pọ̀ tó. Òṣùwọ̀n tí mo sọ gan-an nìyẹn. Òun náà ń wọ̀n ọ́n. Ẹyẹ etí òkun kan tó fara pa jókòó tì í lórí àpáta, òun nìkan ni alábàárò rẹ̀, ó sì ṣeré ju ọ̀pọ̀ òṣèré tí mo mọ̀ lọ.

Ìparí rẹ̀ ló já mi kulẹ̀. Ẹja tó ní odidi àbùùbùtán láti jẹ wá sọ ọmọbìnrin kan di ọ̀tá àtayébáyé. Kí ló ṣe é? Nítorí náà, bí ẹ bá pọ̀ nílé tí ẹ fẹ́ pariwo pa pọ̀, ẹ mú Crawl. Bí ẹ bá dá wà, The Shallows, kí ẹ sì pa á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn bó bá wù yín.

Abàmì ńlá: Godzilla Minus One (2023) àti The Host (2006)

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí dáadáa, nítorí bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa wò, inú méjì yìí ló yẹ kí ẹ ti mú un. Japan ló bí ọ̀kan, Gúúsù Kòríà ló bí èkejì, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ pé títóbi ẹranko kò tó nǹkan bí a kò bá mọ orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Takashi Yamazaki ló kọ Godzilla Minus One, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló tún ṣáájú àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ya ẹranko náà. Láti 1954 ni Godzilla ti wà. Nígbà míràn wọ́n a sọ ọ́ di akọni tó ń bá wa lé abàmì míràn lọ. Yamazaki dá a padà sí ìparun. Ìparí Ogun Àgbáyé Kejì ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Shikishima, awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n rán pé kó lọ fi ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọ̀tá, kó sì bá a lọ, purọ́ pé ọkọ̀ òun ní ìṣòro, ó balẹ̀ sí erékùṣù Odo. Lóru ọjọ́ náà ni Godzilla gòkè odò. Shikishima dé ìdí ìbọn, ó gan síbẹ̀, kò lè yìn ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo mẹkáníìkì tó bá níbẹ̀ ló kú. Ó padà sí Tokyo tó ti jóná, òbí rẹ̀ méjèèjì ti lọ, obìnrin aládùúgbò sì kọjú sí i, ó ń bi í pé kí ló dé tó fi padà wá láàyè.

Láti ìgbà yẹn, ìtìjú ọkùnrin yìí àti ẹranko yẹn ti di ọ̀kan náà. Iṣẹ́ tó rí ṣe ni kíkó bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ nínú òkun kúrò, ọkọ̀ onígi ni wọ́n sì fún wọn, nítorí irin ló ń ta bọ́ǹbù náà jí. Ọkọ̀ onígi jákujàku yẹn ni Godzilla wá lé. Orí rẹ̀ nìkan ló wà lókè omi. Ọkọ̀ ń sá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, kò lè sá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyè tó wà láàárín wọn sì ń dín kù lójú wa. Mo ti wo fíìmù tí wọ́n ti wó odidi ìlú mẹ́ta palẹ̀, tí kò dẹ́rù bà mí tó ìran ọkọ̀ kékeré yìí.

Owó tí wọ́n ná sí i kò tó mílíọ̀nù 15 dọ́là, àwọn òṣìṣẹ́ bíi 35 ló sì ya ìran 610 tí kọ̀ǹpútà ti dá sí i. Ní oṣù kẹta 2024 ó gba Oscar fún iṣẹ́ yẹn, fíìmù Japan tó máa kọ́kọ́ gba irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé owó ni kò jẹ́ kí fíìmù òun dára, kó lọ wò ó.

Bong Joon-ho, ẹni tó padà wá gba Oscar pẹ̀lú Parasite, ṣe The Host ní òdì kejì ohun tí Jaws kọ́ wa. Kò fi ẹranko pamọ́. Fíìmù kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ohun náà fi so rọ̀ lábẹ́ afárá odò Han ní Seoul, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn tó wá najú sì ń ju bíà àti ìpanu sí i. Lẹ́yìn náà ló gòkè, ó ń sáré láàárín èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Kò lẹ́wà, kò ní ọlá. Ó dà bí ohun tó ń dun ara rẹ̀. Gang-du, ọkùnrin olóorun kan tó ń bá bàbá rẹ̀ ta ìpanu létí odò (Song Kang-ho ló ṣe é), di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń sá. Ó ṣubú. Ó dìde, ó di ọwọ́ kékeré kan mú, ó tún sá lọ. Ó bojú wẹ̀yìn: ọmọ ẹlòmíràn ló ń fà. Ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹranko náà sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní òótọ́ nínú. Ní 2000, ní àgọ́ ológun Amẹ́ríkà tó wà ní Yongsan ní Seoul, wọ́n da formaldehyde, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, sínú ihò omi ìdọ̀tí, inú àwọn ará ìlú kò sì dùn rárá. Bong mú un níbẹ̀, ó ní ẹranko ló ti inú rẹ̀ jáde. Ìjọba inú fíìmù náà wá ń lé ẹbí tó ń wá ọmọ wọn kiri ju bí wọ́n ṣe ń lé ẹranko lọ. Àwa tí a ti dé ọ́fíìsì ìjọba kan rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ìran ọ̀fọ̀ wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n to fọ́tò àwọn tó kú sí, ẹbí yìí bú sẹ́kún, wọ́n wó lulẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ara wọn, àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò. Ẹ̀rín á gbọ̀n yín, ojú á sì tì yín pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti lọ sílé ọ̀fọ̀ àìròtẹ́lẹ̀ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí.

Iná tó jó ẹranko náà sí ìparí kò jọ iná gidi, kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò tíì tó o, ẹ fojú fò ó. Lójú tèmi, The Host ló borí. Godzilla Minus One á mú omijé jáde lójú yín, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó dára sì yẹ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ tù wá nínú jù kó tó jẹ́ ká lọ. Bong kò ṣèlérí ìtùnú kankan. Bí ọkàn yín bá ti rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Godzilla ni kí ẹ wò.

Nínú igbó: Beast (2022) àti Prey (2022)

Ọdún kan náà ni wọ́n jáde. Nínú Beast, Idris Elba jẹ́ dókítà tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Àwọn tó ń dọdẹ láìgbàṣẹ ti pa agbo kìnnìún kan, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ó sì ti pinnu pé gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni yóò san án. Nígbà tí wọ́n há sínú mọ́tò, ó dára: gíláàsì fọ́ níbí, ilẹ̀kùn kò tì dáadáa lọ́hùn-ún, olùdarí Baltasar Kormákur sì ń jẹ́ kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé wọn lọ láìgé e. Bí wọ́n bá ti jáde nínú mọ́tò, òfin tú. Kìnnìún ń yọ níbi tó bá wù ú. Ẹni tó bá kàn fẹ́ rí Idris Elba tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ bá kìnnìún jà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, á rí i.

Prey ni ti àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọdẹ. 1719 ni ìtàn náà wáyé, láàárín àwọn Comanche ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà. Naru (Amber Midthunder) fẹ́ ṣe ọdẹ, wọ́n ní kó lọ ja ewé. Ohun tó wá láti òfuurufú, tó ń rí ènìyàn nípa ooru ara, ti balẹ̀ sínú igbó wọn. Naru kò lágbára jù ú lọ, ó kàn ń wò ó. Ó rí i pé kò fọwọ́ kan ẹni tí kò lè jà. Ó rí i pé kò rí ọkùnrin kan tó ti jẹ ewé tó ń mú ara tutù. Ó rí ohun tó máa ń ṣe kó tó ta ọfà rẹ̀. Gbogbo ohun tó fi bá a jà sí ìparí ni òun àtàwa ti jọ rí tẹ́lẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan tó jábọ́ láti ọ̀run. Bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìtàn yìí nìyẹn.

Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Comanche látòkè délẹ̀. Bó bá wà níbi tí ẹ ti ń wò ó, ẹ yí i sí Comanche, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀. Ó dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Láàárín méjì yìí, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Prey.

Láti Faransé: Infested (2023) àti Under Paris (2024)

Infested ti Sébastien Vaniček: Kaleb, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta bàtà, ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀ kan nígbèríko Paris. Ó ra aláǹtakùn kan, ó fi sínú páálí bàtà, ó jáde. Wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń tóbi sí i, àwọn ọlọ́pàá sì ti ilé náà pa mọ́ gbogbo èèyàn lórí. Aláǹtakùn gidi ni wọ́n lò nínú ọ̀pọ̀ ìran rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí aláǹtakùn bá ń lé sá, kó má dán an wò. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù wọn.

Under Paris ni ti àkurákudà tó wọ odò Seine nígbà tí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ń bọ̀, tí olórí ìlú sì kọ̀ láti fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti gbọ́ ọ rí, láti ìgbà Jaws ní 1975. Ọ̀kan nínú àwọn ìran rẹ̀ dára, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti kóra jọ sínú ihò abẹ́ ìlú, tí ìjáyà fi pa wọ́n tó bí ẹja ṣe pa wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹja yìí ń ṣe ohun tó bá ti wu ẹni tó kọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀, n kò sì rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Ẹ dákẹ́, ẹ má wò: A Quiet Place: Day One (2024) àti Nope (2022)

Òfin ni méjèèjì dúró lé. Nínú Day One, ẹ̀dá tó ń fi ariwo dọdẹ já bọ́ sí New York, ìlú tí kì í dákẹ́. Lupita Nyong'o jẹ́ obìnrin tí jẹjẹrẹ ti fẹ́ pa tẹ́lẹ̀, tó gbé ológbò rẹ̀ dání, tó ń wá pízà. Mo mọ̀ pé ó dún bí ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ.

Nope, ti Jordan Peele, ni ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń sin ẹṣin, tí wọ́n rí nǹkan nínú àwọsánmà tí kò ṣípò padà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé ẹni tó bá wò ó lójú ló ń gbé. Ìṣẹ́jú 130 ni, ó sì ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìran ìnàkí inú yàrá tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọdé kan ń wò láti abẹ́ tábìlì, dẹ́rù bà mí ju ohun ojú ọ̀run náà lọ. Ẹ mú Nope bí ẹ bá lè gbé fóònù sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè gbé e sílẹ̀, Day One.

Àwọn kan á bèèrè Cocaine Bear (2023). Béárì gidi tó jẹ kokéènì ní 1985 kò pa ẹnikẹ́ni, ṣe ló kú. Fíìmù náà kò tó àkọlé rẹ̀.

Fún àwọn tó ní ọmọ nílé: ní Amẹ́ríkà, PG-13 ni wọ́n fún The Shallows, Day One àti Godzilla Minus One, ìyẹn ni pé wọ́n kìlọ̀ fún òbí ọmọ tí kò tíì pé 13. R ni wọ́n fún Crawl, Beast, Prey, Nope àti The Host, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ti sùn. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, Godzilla ni mo lè bá ọmọ ọdún 13 wò, bó bá ti lè ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ kíákíá.